Ọ̀sẹ̀ kẹta ló máa ń bàjẹ́: ìdáhùn fún aránṣọ kan ní Àkúrẹ́

ÌBÉÈRÈ

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Aránṣọ ni mí ní Ìjọ̀kà, Àkúrẹ́. Ọmọ ọdún 31 ni mí, mo bí méjì, ọmọ iṣẹ́ kan ló wà lọ́dọ̀ mi. Ohun méjì ni mo dá lé lọ́dún yìí. Mo fẹ́ ṣe GCE NECO ti ìparí ọdún kí n lè ní kírẹ́díìtì márùn-ún tí màá fi wọ ilé-ìwé gíga Adéyẹmí ní Oǹdó. Mo sì fẹ́ ra ẹ̀rọ wífìn tèmi, torí owó tí mò ń san fún ẹni tó ń bá mi di etí aṣọ ti pọ̀ jù. ₦275,000 ni wọ́n dá lé e. Láti oṣù Kìíní títí di oṣù Kẹfà yìí, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti bẹ̀rẹ̀ ìwé. Màá kà á fún ọ̀sẹ̀ méjì, láti aago 9 sí 11 alẹ́. Tó bá di ọ̀sẹ̀ kẹta, aṣọ ẹbí á dé, màá fò ó lálẹ́ mẹ́ta, ó parí nìyẹn. Owó tí mò ń jù sínú dúrọ́ọ̀ mọ́ṣíìnì, èmi náà ni mò ń kó o jẹ. Ọkọ mi ní mi ò ní ìkóra-ẹni-níjàánu rárá. Ṣé wọ́n máa ń bí i mọ́ èèyàn ni? Kí ni kí n ṣe?"

ÌDÁHÙN

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ẹni tó fẹsẹ̀ tẹ mọ́ṣíìnì láti àárọ̀, tó se oúnjẹ alẹ́, tó wẹ̀ fọ́mọ, tó tún jókòó ti ìwé fún wákàtí méjì, tó sì ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, a ò lè pè é ní ọ̀lẹ. Wákàtí tó burú jù nínú ọjọ́ yín lẹ fi fún ìwé, ibi tó sún mọ́ ọwọ́ yín jù lẹ fi owó sí, ẹ wá ní kí ọkàn yín máa bá méjèèjì wọ̀yá ìjà lójoojúmọ́. Ọkàn tó máa lè ja irú ìjà bẹ́ẹ̀ fún oṣù mẹ́fà ṣọ̀wọ́n.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ tí ọkọ yín lò. Irin ẹnu ẹṣin ni ìjàánu inú rẹ̀. Inú ilé ẹṣin ni wọ́n ti ń fi í sí i lẹ́nu, nígbà tó ṣì dúró jẹ́ẹ́ tó ń jẹ koríko. Ẹni tó dúró di ìgbà tí ẹṣin ti ki eré mọ́lẹ̀ kó tó máa wá ìjàánu kiri, eruku ló máa rí. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ yín rí: aago 9 alẹ́, tí oorun ti ń kùn yín, lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá ìjàánu.

Ní ti pé ṣé wọ́n ń bí i mọ́ èèyàn, díẹ̀ wà níbẹ̀. Ọmọ kan á balẹ̀ láti kékeré, òmíràn á máa fò káàkiri. Ṣùgbọ́n èyí tó kù lẹ́yìn ìyẹn pọ̀, òun ló sì wà níkàáwọ́ yín. Ní òpin àwọn ọdún 1960, Walter Mischel ní Yunifásítì Stanford, ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ohun dídùn kan ka iwájú àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi: bí o bá lè dúró títí màá fi padà, wàá gba méjì. Aráyé gbé e kiri pé àwọn ọmọ tó lè dúró ló ṣe dáadáa lẹ́yìn ọ̀la. Nígbà tí àwọn mìíràn tún ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò lọ́dún 2018 pẹ̀lú ọmọ tó pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, tí wọ́n ro irú ilé tí ọmọ ti jáde wá mọ́ ọn, ìyàtọ̀ yẹn dín kù púpọ̀. Èyí tó yẹ kí ẹ mú níbẹ̀ ni ohun tí àwọn ọmọ tó dúró ṣe. Àwọn kan fọwọ́ bojú, àwọn kan kẹ̀yìn sí i, àwọn kan ń kọrin. Wọn ò jókòó kí wọ́n máa wò ó. Ní Jámánì pẹ̀lú, Wilhelm Hofmann àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ẹ̀rọ lé àwọn èèyàn tó lé ní 200 lọ́wọ́, wọ́n ń bi wọ́n lọ́pọ̀ ìgbà lójúmọ́ pé kí ló ń wù wọ́n nísinsìnyí, ṣé wọ́n sì ń bá a jà. Nínú èsì tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2012, àwọn tí ìwọ̀n ìkóra-ẹni-níjàánu wọn ga ni wọ́n ń jà kéré jù. Wọ́n ti to ayé wọn débi pé ìdánwò kì í fi bẹ́ẹ̀ bá wọn pàdé.

Owó ló rọrùn jù, ẹ jẹ́ ká mú un kúrò nílẹ̀ ná.

Dúrọ́ọ̀ mọ́ṣíìnì yẹn, ẹ kó owó kúrò níbẹ̀ lónìí. Ibẹ̀ ni bọ́bìn wà, ibẹ̀ ni abẹ́rẹ́ wà, ọwọ́ yín ń wọ ibẹ̀ ní ogún ìgbà lójúmọ́. Kò sí bí ẹ ò ṣe ní mú níbẹ̀. Alájọ tó ń gba owó ní ìlà ìsọ̀ yín ni kí ẹ gba káàdì lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ mọ bó ṣe ń lọ: iye kan náà lójoojúmọ́, owó ọjọ́ kan nínú oṣù sì ni tirẹ̀. Tí ẹ bá ń ṣí ìsọ̀ ní ọjọ́ 26 lóṣù, tí ẹ sì ń dá ₦1,200, ₦31,200 ni. Alájọ á mú ₦1,200, ó ku ₦30,000. Oṣù mẹ́wàá ni ìyẹn fi máa di ₦300,000. Mo mọ̀ọ́mọ̀ kọjá ₦275,000 nítorí ẹ̀rọ kì í dúró sójú owó kan dè wá.

Ẹ má tíì mú ₦1,200 o. Ẹ ronú padà sí ọjọ́ tí ọjà burú jù nínú oṣù tó kọjá, ọjọ́ tó jẹ́ pé títún síìpù ṣe nìkan lẹ rí. Iye tí ẹ lè dá lọ́jọ́ náà láìyá owó ni kí ẹ máa dá. Tó bá jẹ́ ₦700, ₦17,500 ló máa bọ́ sí yín lọ́wọ́ lóṣù, ẹ̀rọ yẹn á sì gbà yín tó oṣù 16. Ó pẹ́, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ₦1,200 tó bá kọsẹ̀ lóṣù kejì kò ní ra abẹ́rẹ́ wífìn kan.

Ewu àjọ, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n: alájọ ń sá lọ. Ẹni tó ti ń gba owó ní àdúgbò yín láti ọdún mélòó kan, tí ẹ mọ ilé rẹ̀, ni kí ẹ lò. Kí káàdì máa wà lọ́wọ́ yín, kí ó máa kọ ọ́ lójú yín. Kí owó má sì dúró lọ́wọ́ rẹ̀ ju oṣù kan lọ láéláé. Ọjọ́ tó bá fún yín, ọjọ́ náà ni kí ó wọ àkáǹtì kan tí ẹ ò gba káàdì ATM fún, tí kò sí lórí fóònù yín. Bí ẹ bá ní láti to ìlà ní bánkì kí ẹ tó rí owó náà, ẹ ó ronú lẹ́ẹ̀mejì. Ìlà yẹn ni ìjàánu. Ní ilẹ̀ Philippines, bánkì kan fún àwọn oníbàárà rẹ̀ láǹfààní láti ti owó wọn pa títí di ọjọ́ tàbí iye tí àwọn fúnra wọn dá. Nínú ìwádìí tó jáde lọ́dún 2006, lẹ́yìn ọdún kan, owó àwọn tí wọ́n fún láǹfààní náà ti lé sí i ju ti àwọn yòókù lọ ní ìwọ̀n 81 nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn ìyá wa tó ń kan kóló pa, tí wọn ò jẹ́ kó nílẹ̀kùn, ti mọ èyí kí bánkì tó mọ̀ ọ́n.

Ọ̀nà kan tún wà tí owó aránṣọ fi ń pòórá, òun ni mo sì fura sí jù nínú ọ̀rọ̀ yín: àsansílẹ̀. Oníbàárà gbé aṣọ ₦18,000 wá, ó san ₦10,000 sílẹ̀. Ẹ mú ₦3,000 nínú rẹ̀, ẹ fi pamọ́, inú yín dùn. Lọ́jọ́ kẹta, aṣọ inú, sítéè, síìpù, òwú àti owó wífìn ń pè yín, ẹ yọ ₦3,000 padà, ẹ wá ń bú ara yín pé ẹ tún ti kó owó ìpamọ́ jẹ. Ẹ ò kó nǹkan kan jẹ. Owó tí ẹ fi pamọ́ yẹn kì í ṣe tiyín, ohun èlò oníbàárà ni. Inú bálánsì, ìyẹn owó tí wọ́n san nígbà tí wọ́n wá kó aṣọ, nìkan ni kí àjọ ti máa jáde. Ẹ rán àpò kékeré méjì láti inú àjákù aṣọ, àwọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: ọ̀kan fún àsansílẹ̀, ọ̀kan fún bálánsì. Ó ń jọ eré ọmọdé lójú. Ẹ ṣe é fún oṣù kan ná.

Tó bá jẹ́ àjọ alágbo lẹ fẹ́ràn, èyí tí ẹni mẹ́wàá ń dá tí wọ́n ń kó o ní ìtẹ̀léra, ìyẹn náà dára, torí ojú tó máa ń ti èèyàn níbẹ̀ lágbára ju ìpinnu lọ. Kìkì pé kí ẹ má bẹ̀bẹ̀ láti kọ́kọ́ kó. Ẹni tó kọ́kọ́ kó ti yá owó ni, gbèsè ló máa fi oṣù mẹ́sàn-án tó kù san.

Ó ku ìwé. Kí n tó dé orí wákàtí, ọ̀rọ̀ kan wà lórí aṣọ ẹbí. Ẹ kọ ọ́ bíi pé ìjì ló máa ń já lù yín. Ṣé lóòótọ́ ni? Ẹni tó fẹ́ ṣe ìnáwó ní Àkúrẹ́ ti mú ọjọ́ láti bí oṣù méjì sẹ́yìn, ó ti sanwó gbọ̀ngàn, ó ti pín aṣọ. Ẹ̀yin lẹ ń gba, ká ní, mẹ́rìnlá nígbà tí ọwọ́ yín àti ti ọmọ iṣẹ́ kò lè rán ju mẹ́sàn-án lọ lọ́sẹ̀. (Ẹ má bínú, gbogbo ìlú ló mọ irọ́ aránṣọ: "ẹ wá lọ́la, bọ́tìnnì nìkan ló kù," nígbà tí wọn ò tíì gé e.) Ìwé ìwọ̀n yín ni kí ìkóra-ẹni-níjàánu ti bẹ̀rẹ̀, kó tó dé orí ìwé NECO. Ẹ ṣí i, ẹ ka aṣọ tó jáde ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sẹ́yìn, ẹ pín in sí mẹ́rin. Tó bá jẹ́ mẹ́sàn-án, ẹ fa ìlà mẹ́jọ péré sójú ewé ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ọ̀kan ṣẹ́ kù fún ìjàǹbá. Tí ìlà kẹjọ bá ti kún, ẹ sọ pé: "Ọ̀sẹ̀ yìí ti kún o, mọ̀lẹ́bí. Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni mo lè fọwọ́ kàn án, ṣé kí n kọ yín síbẹ̀?" Àwọn kan á lọ. Àwọn tó bá dúró á rí aṣọ wọn gbà lọ́jọ́ tí ẹ dá.

Wàyí o, wákàtí. Ọjọ́bọ̀ àti Ẹtì kò lè jẹ́ ọjọ́ ìwé fún aránṣọ, ẹ má tan ara yín, torí Àbámẹ́ta ni òde. Ọjọ́ Ajé, Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́rú ni tiyín, láàárọ̀, aago 5 sí 5:45. Ẹ fi wákàtí kan àbọ̀ kún un ní ọ̀sán Ọjọ́ Àìkú lẹ́yìn ìjọsìn àti oúnjẹ. Ní Ọjọ́bọ̀ àti Ẹtì, ìbéèrè márùn-ún péré, bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, nígbà tí ẹ bá ń dúró kí áyọ́ọ̀nù gbóná. Àbámẹ́ta, ẹ sinmi. Gbogbo rẹ̀ tó wákàtí mẹ́rin lọ́sẹ̀. Ó ku bí ogún ọ̀sẹ̀ sí ìdánwò, ìyẹn 80 wákàtí.

Ẹ má fi 80 sọ́kàn o. Àwọn olùwádìí kan bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì pé ọjọ́ mélòó ni iṣẹ́ àṣekágbá wọn máa gbà. Ní ìpíndọ́gba, wọ́n ní nǹkan bíi ọjọ́ 34. Ọjọ́ 55 àti díẹ̀ ló gbà wọ́n. Ọdún 1994 ni èsì yẹn jáde, ọmọ aráyé kò sì tíì yí padà. Tí a bá fi ìwọ̀n yẹn dín 80 kù, 50 ni kí ẹ gbára lé: ogún fún ìṣirò, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún fún Gẹ̀ẹ́sì, márùn-ún márùn-ún fún mẹ́ta yòókù. Ẹ ò sọ ohun tí mẹ́ta yòókù jẹ́. Kí ẹ tó san kọ́bọ̀ fún fọ́ọ̀mù, ẹ kọ́kọ́ wádìí ohun tí ẹ̀ka tí ẹ fẹ́ wọ̀ ní Oǹdó ń béèrè gan-an. Ẹ béèrè pẹ̀lú bóyá wọ́n ń gba èsì ìdánwò ẹ̀ẹ̀mejì papọ̀. Ilé-ìwé tó pọ̀ ń gbà á. Bí wọ́n bá gbà á, tí mẹ́ta bọ́ sí i lọ́dún yìí, méjì péré ló kù fún ọdún tó ń bọ̀.

Aago nìkan kò tó láti fi pe ara yín jí. Peter Gollwitzer, ará Jámánì, ti fi ọ̀pọ̀ ọdún fi hàn pé ẹni tó sọ pé "màá máa kàwé" kì í rìn jìnnà bí ẹni tó sọ pé "bí lágbájá bá ti ṣẹlẹ̀, ohun báyìí ni màá ṣe, níbi báyìí." Ohun tí ẹ máa so ó mọ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tó ti ń ṣẹlẹ̀ tẹ́lẹ̀ láìfò. Ẹ dán an wò báyìí: ṣé ó ṣẹlẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ méjèèje ọ̀sẹ̀ tó kọjá? Iná Nẹ́pà kò yege níbẹ̀, ẹ má so ìwé mọ́ iná. Omi tí ẹ máa ń gbé kaná fún ọmọ láàárọ̀ yege. Nítorí náà, ẹ kọ ọ́ sójú páálí, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri kíṣìnì: "Bí mo bá ti gbé omi kaná, màá jókòó sórí àpótí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, màá sì dáhùn ìbéèrè àkọ́kọ́ tó wà lójú ìwé tó ṣí sílẹ̀."

"Tó ṣí sílẹ̀" ni mo sọ, torí alẹ́ ni iṣẹ́ àárọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ní alẹ́ Ọjọ́ Àìkú, kí ẹ tó wọlé sùn, ẹ gbé àpótí síbi tó máa wà. Ẹ ṣí ìwé ìbéèrè ọdún àtijọ́ sójú ewé tó kàn, ẹ fi sísọ́ọ̀sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kí atẹ́gùn má pa á dé. Bírò lórí rẹ̀, ìwé àkọsílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, fìtílà tó ń lo oòrùn ti gba iná tó láti ọ̀sán. Omi ti wà nínú ìkòkò lórí sítóòfù, ìṣáná lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Fóònù wà ní yàrá kejì, ẹ sì ra aago kékeré tó ń dún kí ó má bàa di pé fóònù lẹ fi ń jí, torí ẹni tó fi fóònù jí, ipò WhatsApp ló máa kọ́kọ́ kà. Bó bá di aago 5, kò sí ohun tí ẹ máa rò. Ẹ ṣá ìṣáná, ẹ jókòó, ẹ dáhùn ìbéèrè kìíní. Tó bá jẹ́ pé ní àárọ̀ yẹn ni ẹ máa wá bírò, tí ẹ máa ronú pé ṣé ìṣirò ni tàbí Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ á ti jí kí ẹ tó rí i.

Ẹ ṣàkíyèsí pé mi ò ní kí ẹ ka ìwé. Mo ní kí ẹ dáhùn ìbéèrè, kí ìdáhùn tó wà lẹ́yìn ìwé wà ní pípadé. Nínú ìwádìí Roediger àti Karpicke ní 2006, lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, àwọn tó ka ìwé ní àkàtúnkà ló rántí jù. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ó yí padà: àwọn tó ti pa ìwé dé tí wọ́n gbìyànjú láti rántí ló borí. Kíkà ní àkàtúnkà máa ń tan èèyàn, ó ń dùn, ó sì ń mú oorun wá. Ìbéèrè mẹ́wàá nínú ìṣirò, ẹ ṣe é, ẹ fi wé ìdáhùn ẹ̀yìn ìwé, ẹ sàmì sí èyí tó ṣubú, ẹ wá ka ibi tí wọ́n ti ṣàlàyé ìyẹn nìkan. Àwọn tó ṣubú ni ẹ tún máa ṣe lọ́sàn-án Àìkú.

Kí oorun má bàa jẹ gbèsè, ẹ ti gbọ́dọ̀ sùn ní aago 10. Ẹ ò ní í sùn ní 12 kí ẹ jí ní 5 fún ogún ọ̀sẹ̀. Àwọn kan á sọ fún yín pé agbára ọkàn dà bí epo inú àtùpà, pé ó ń tán bí ọjọ́ ṣe ń lọ. Ọdún 1998 ni Roy Baumeister gbé irú ọ̀rọ̀ yẹn jáde, ó sì tàn káàkiri. Nígbà tí ilé ìwádìí 23 dán an wò papọ̀ tí wọ́n sì gbé èsì jáde ní 2016, wọn ò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí nǹkan kan. Oorun tí èèyàn kò sùn, ìyẹn kò nílò olùwádìí.

Ó wá ku ọ̀sẹ̀ kẹta, tó ń bà yín nínú jẹ́. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ìtara ló ń gbé yín. Ìtara dà bí oríyìn, ó ń dùn, kì í pẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, nǹkan náà kò tíì di bárakú, ìtara sì ti lọ. Ní London, Phillippa Lally àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀lé èèyàn 96 tí olúkúlùkù mú ohun tuntun kan tó fẹ́ máa ṣe lójoojúmọ́. Àwọn kan dé ibi tí nǹkan náà ti ń wá fúnra rẹ̀ láàárín ọjọ́ 18. Ìṣirò àwọn mìíràn lọ títí dé ọjọ́ 254. Àárín gbùngbùn rẹ̀ jẹ́ ọjọ́ 66. Ẹ̀yin ti ń retí kó rọrùn ní ọjọ́ 15! Nínú ìwádìí kan náà, fífo ọjọ́ kan kò pa ẹnikẹ́ni lára, ó kàn ń bá a lọ níbi tó dé.

Ẹ fo alẹ́ kan, kò sí nǹkan tó bàjẹ́. Èyí tó ń ṣọṣẹ́ ni gbólóhùn tó ń tẹ̀ lé e nínú ọkàn: "Ó ti bàjẹ́ ná, kó kúkú bàjẹ́ tán." Àwọn olùwádìí ti rí èyí lára àwọn tó ń ṣọ́ oúnjẹ jẹ láti ọdún 1975: wọ́n fún wọn ní ohun mímu dídùn mu, tó fọ́ ètò wọn. Nígbà tí wọ́n gbé áísìkirimù síwájú wọn lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n jẹ ẹ́ ju àwọn tí wọn ò fún ní nǹkan kan lọ. Ìyẹn náà ni alẹ́ mẹ́ta yín. Alẹ́ kìíní, aṣọ ẹbí ló fà á. Alẹ́ kejì àti ìkẹta, ìtìjú ló fà á.

Nítorí náà, ẹ kọ òfin ìpadà sílẹ̀ nísinsìnyí tí ara yín balẹ̀, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ abẹ́ páálí tàkọ́kọ́: "Bí mo bá fo ọjọ́ kan, ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, ìbéèrè márùn-ún péré." Márùn-ún, ẹ má ṣe jù bẹ́ẹ̀. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí èèyàn fẹ́ san gbèsè: ẹ fo Ọjọ́ Ajé, ẹ ní ẹ máa fi wákàtí méjì dí i ní Ìṣẹ́gun, ó rẹ̀ yín, ẹ fo Ọjọ́rú. Ẹ jẹ́ kí gbèsè lọ. Ìwé kì í gba èlé.

Ṣọ́ọ̀kì aránṣọ ni kí ẹ fi máa kọ àkọsílẹ̀ yín sẹ́yìn ilẹ̀kùn ìsọ̀. Ìlà kan fún ọjọ́ tó pé, àmì kékeré kan fún ọjọ́ ìbéèrè márùn-ún, òfo fún ọjọ́ tí kò sí nǹkan. Ẹ má fi bú ara yín. Ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ máa wá níbẹ̀: ọjọ́ kan náà tó ṣófo lẹ́ẹ̀mẹta. Tí Ọjọ́rú bá ṣófo lọ́sẹ̀ mẹ́ta léraléra, ó lè jẹ́ pé alẹ́ Ìṣẹ́gun ni ìpàdé ìjọ, ẹ ń pẹ́ sùn. Ẹ gbé e lọ sọ́jọ́ mìíràn. Ẹ̀bẹ̀, ààwẹ̀ àti ìbúra pé "mi ò ní fọwọ́ kan fóònù mọ́ láéláé" kò lè ṣe iṣẹ́ tí yíyí ọjọ́ padà máa ṣe.

Sí ọkọ yín, ẹ má sọ pé "ẹ máa ràn mí lọ́wọ́." Ọkùnrin tó bá gbọ́ ìyẹn á ní òun ń ràn yín lọ́wọ́ tẹ́lẹ̀. Ẹ sọ ọ́ ní ìwọ̀n, bí ẹni ń fi téèpù wọn aṣọ: "Bàbá àwọn ọmọ, Ọjọ́ Ajé, Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́rú, láti aago 5 sí 5:45, bí ọmọ bá jí, ẹ bá mi gbé e. Tó bá ti di 5:46, mo gbà á." Ìṣẹ́jú 135 lọ́sẹ̀ ni, ó ní ìbẹ̀rẹ̀, ó ní òpin. Tó bá kọ̀, ẹ gbé ìwé lọ sí ìsọ̀, kí ẹ so ó mọ́ ìlẹ̀kùn tí ẹ ń ṣí: ẹ ṣí ìsọ̀ ní ìṣẹ́jú 45 ṣáájú ọmọ iṣẹ́, ẹ má gbé pátákó ìta jáde kí ó tó pé.

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ méjèèjì lọ́jọ́ kan náà. Lọ́sẹ̀ yìí, káàdì àjọ àti àpò méjì nìkan, kí ẹ sì lọ bèèrè ọjọ́ tí ìforúkọsílẹ̀ NECO máa parí. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ fa ìlà mẹ́jọ sínú ìwé ìwọ̀n. Ní Àìkú tó tẹ̀ lé e ni kí ẹ gbé àpótí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Tí àbíkẹ́yìn bá sì jí ní aago 5 ku díẹ̀ ní àárọ̀ àkọ́kọ́, bí ọmọdé ti máa ń ṣe, ẹ pọ̀n ọ́n, ẹ dúró ti tábìlì, kí ẹ dáhùn márùn-ún.